Bí ẹ ṣe lè bá àwọn ọmọbìnrin yín wo eré tẹlifíṣàn, kí ẹ sì rí obìnrin tó wà nínú rẹ̀

Aránṣọ ni mí ní Ìkòròdú. Tí ẹ bá kọjá Sábó díẹ̀, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi, obìnrin ni gbogbo wọn. Èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá, èyí tó dàgbà jù ti bímọ méjì. Tẹlifíṣàn wa wà lára ògiri, lókè ibi tí a ń fi aṣọ tí a ti rán tán kọ́ sí. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tó jẹ́ pé ní alẹ́ Jímọ̀, tí a bá ti bo máṣìn, a máa ń jókòó wo eré, a ó sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Oníbàárà tó bá wá gba aṣọ lásìkò náà á jókòó tì wá, aṣọ rẹ̀ á wà nínú láílọ́ọ̀nù lórí itan rẹ̀, kò ní lè dìde mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè pé báwo làwọn náà ṣe lè máa ṣe irú ẹ̀ nílé. Mo ti fẹnu ṣàlàyé títí, ó tó kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára mi. Lọ́dún 1991, nígbà tí Checkmate tí Amaka Igwe kọ bẹ̀rẹ̀ lórí NTA, ọmọdé ni mí, a ò sì ní tẹlifíṣàn. Ojú fèrèsé aládùúgbò wa la ti ń wò ó, èmi á gun orí búlọ́ọ̀kù kí ojú mi lè tó o. Ann Haastrup ni mò ń wò, èyí tí Ego Boyo ṣe: ọmọbìnrin tó di iléeṣẹ́ ẹbí rẹ̀ mú, táwọn kan sì fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí i rí kí obìnrin jókòó sídìí tábìlì ńlá kí ọkùnrin sì dúró níwájú rẹ̀ máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi pé bí mo ṣe fẹ́ jókòó nìyẹn tí mo bá dàgbà. Wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́. Mo lọ fọ ọ́, ṣùgbọ́n tábìlì yẹn ò kúrò lójú mi títí dòní.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré lásán ni. Ọmọ tó ń wò ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ obìnrin níbẹ̀, yálà a bá a sọ̀rọ̀ tàbí a ò bá a sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí. Tí eré bá parí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé "obìnrin yìí burú" tàbí "obìnrin yìí gbìyànjú". Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kó kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè pé: kí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti yàn? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin àti eré tí ẹ máa mú. Ẹ má lọ wá eré tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Èyí táwọn ọmọ ti ń wò tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ń torí ẹ̀ sáré parí iṣẹ́, òun ni kí ẹ mú, torí ìfẹ́ ti wà nílẹ̀. Láti 2015 tí Zee World, ìkànnì eré Íńdíà, ti dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tàbí ti onídìrí tí mo wọ̀ lágbègbè yìí tí wọn ò mọ Pragya inú Twist of Fate. Ṣùgbọ́n eré Íńdíà yẹn gùn, ọdún á yí po, kò ní parí. Ẹ mú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó kúrú ló dáa: Blood Sisters tó jáde ní 2022 ò ju apá mẹ́rin lọ, King of Boys: The Return of the King ti Kemi Adetiba, tó jáde ní 2021 tẹ̀ lé fíìmù King of Boys ti 2018, jẹ́ apá méje. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀jẹ̀ nínú o. Ẹ kọ́kọ́ dá wò ó kí ẹ tó gbé e síwájú ọmọ kékeré.

Lẹ́yìn náà, ẹ jáwọ́ lára rimóòtù. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá ọkọ kan gbá ìyàwó ọmọ rẹ̀ létí, mo dá eré dúró, mo dìde, mo sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo fi máa tẹ̀ ẹ́ padà, méjì ti sùn, ọ̀kan ń tẹ fóònù, àwọn tó kù ń wojú mi bí ìgbà tí wọ́n ń retí kí àlùfáà ṣe àmín. Ẹ jẹ́ kí apá kan parí pátápátá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún, kí wọ́n pariwo, kí wọ́n ṣépè fún ẹni tó bá yẹ. Ọ̀rọ̀ máa tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pín àwọn obìnrin inú rẹ̀ fún ara yín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú obìnrin kan, á máa tọpa rẹ̀ nìkan, á sì ní ìwé kékeré àti bírò. Gbogbo wọn ló máa fẹ́ mú ọ̀gá eré. Ẹ má gbà. Ẹ fún ẹnì kan ní ìyá ọkọ, ẹ fún ẹnì kan ní àlè, ẹ sì rí i dájú pé ẹnì kan mú ọmọ ọ̀dọ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló mú ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń bínú, ó ní mo fi ìyà jẹ òun. Nígbà tí a parí ó ka ohun tó kọ: "Ó wọlé lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó gbé omi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní 'Ẹ káàbọ̀, mà.' Ó ní 'Wọn ò sí nílé, mà.' Ó ní 'Bẹ́ẹ̀ ni, mà.' Kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀." Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí kó tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. N kò rántí nígbà tí mo pín in fún un.

Ibi tí ẹnu mi gùn jù ló kàn, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹ wo aṣọ. Ẹni tó ń ṣe eré ò ní àkókò láti ṣàlàyé obìnrin kọ̀ọ̀kan fún yín, aṣọ ló fi ń sọ ọ́. Ìyàwó tó ń forí tì í á wà nínú ìró àti bùbá tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó ti so orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ọkọ rẹ̀ á wọ ṣòkòtò tó fún, á lẹ èékánná pupa, wíìgì rẹ̀ á dé ìdí. Ní apá tó gbẹ̀yìn, tí ojú rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n wọ àǹkárá tó dé ọrùn ẹsẹ̀ fún un, kò sí èékánná mọ́. Kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni o, aṣọ ti bá a bẹ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá ti wo irú ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá máa wo ara wọn nínú dígí, wọ́n á sì ti mọ irú obìnrin tí ayé máa pè wọ́n kí wọ́n tó la ẹnu.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a máa ń béèrè ìbéèrè mẹ́ta lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Ta ló rà á? Níbo ni obìnrin náà ń lọ tó fi wọ̀ ọ́? Ṣé ó lè fi í sáré? Ìbéèrè kẹta yìí ló máa ń la ojú wọn jù. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣàkíyèsí pé nínú eré kan, lésì olówó iyebíye ni ìyàwó ilé ń wọ̀ wọ ilé ìdáná láàárọ̀, yẹtí góòlù ló sì fi ń sùn. Ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ láṣọ yìí, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ kó lọ." Ọ̀rọ̀ aránṣọ nìyẹn. Aṣọ tí a bá rán mọ́ni lára jù, ìjókòó la rán an fún.

Ẹ wá fi èyí wo Sola Sobowale. Ní 2001, nígbà tí Super Story bẹ̀rẹ̀, òun ni Toyin Tomato, ìyàwó tó da ilé rú. Orúkọ yẹn di èébú láàárín ìlú, wọ́n ń fi í bú obìnrin tó bá ti lè sọ̀rọ̀ sókè níwájú ọkọ. Ní 2018, obìnrin yìí kan náà di Eniola Salami nínú King of Boys: gèlè tó ga, góòlù lọ́rùn, aṣọ tó ń gba àyè lórí àga bí agbádá baálé. Ohùn kan náà ni, ojú kan náà ni. Ohun tó yí padà ni ipò tí wọ́n gbé e sí nínú ìtàn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi àwọn obìnrin méjèèjì síwájú ara wọn, kí wọ́n bi ara wọn pé àwọn wo ló yí padà láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún yẹn, òṣèré náà ni àbí àwa tó ń wò ó?

Ọmọ Ìkòròdú ni Funke Akindele, ẹ jẹ́ kí n sọ ti tiwa náà. Nínú Jenifa's Diary tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, a rẹ́rìn-ín wíìgì rẹ̀, a rẹ́rìn-ín bàtà rẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ìwé àti bírò tọpa rẹ̀, ẹ máa rí i pé iṣẹ́ ni ọmọbìnrin tó ti Ayétòrò wá sí Èkó yìí ń wá, irun ló ń ṣe, owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Nígbà tí Funke Akindele díje fún igbákejì gómìnà Èkó ní 2023, oníbàárà mi kan ní kí ni Jénífà mọ̀ nípa ìjọba. Mo ní Jénífà ò díje. Ẹni tó díje ni obìnrin tó gbé eré náà jáde, tó ń gba òṣèré síṣẹ́, tó sì ń sanwó fún wọn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ya ẹni inú eré sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ó kan orúkọ. Ẹ máa ka iye ìgbà tí wọ́n pe orúkọ obìnrin náà gan-an, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ sí iye ìgbà tí wọ́n pè é ní ìyàwó, ìyá ẹnì kan, tàbí "mọ́mì". Kò sí ohun tó burú nínú ìyá lágbájá. Ọ̀wọ̀ ni, mo sì fẹ́ràn tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìgbà tí orúkọ náà sọnù àti ẹni tó ṣì ń rántí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́ wọn ní èyí, ọ̀kan wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Àǹtí?" Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Mo ronú, mo ronú. Ẹni tó pe orúkọ mi gbẹ̀yìn ni ọmọbìnrin kan ní báńkì, torí pé ó rí i lára káàdì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ eré kì í rí. Ọ̀rọ̀ náà ni "ọkọ". Nínú eré Yorùbá, ẹ máa gbọ́ tí ìyàwó ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní "ọkọ mi". Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ á fò ó, tàbí kó túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé obìnrin náà ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwa mọ̀ pé gbogbo ọmọ bíbí agboolé tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló sọ fún mi pé Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé lórí èyí ní 1997. Ó ní nínú ètò tiwa kí òyìnbó tó dé, ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì ju ọkùnrin àti obìnrin lọ. Ẹ wo èdè wa náà: ẹ̀gbọ́n ò sọ bóyá ọkùnrin ni, àbúrò ò sọ ọ́, ọmọ ò sọ ọ́, "ó" pàápàá ò sọ ọ́.

Ibi tí èyí ti wúlò ni pé tí ìyá ọkọ bá ń fojú ìyàwó rí màbo nínú eré, ẹni kan nínú yàrá á sọ pé obìnrin lọ̀tá obìnrin. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Ẹ má bá a jà, ẹ bi í pé orí àga wo ni obìnrin yẹn jókòó sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣé àga ìyàwó ni, ṣé ti ìyá, àbí ti ọkọ? Torí àga ọkọ ló jókòó sí. Ilé tí òun náà wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ló ń ṣọ́. Àga kan ṣoṣo tó ga níbẹ̀ nìyẹn, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún dúró kó tó kàn án. Láti ìgbà tí a ti ń béèrè bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi kì í sọ ti ọ̀tá mọ́. "Ó ti gun àga" ni wọ́n ń sọ.

Ẹ lè fi wo eré Íńdíà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò ẹbí tiwọn yàtọ̀. Nínú Twist of Fate, ìyá àgbà ilé fẹ́ràn Pragya, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, Aaliya, ló ń dẹ pàkúté fún un. Ẹ ó sì rí Sarla, ìyá Pragya, obìnrin tó ń fi gbọ̀ngàn ìgbéyàwó jẹun. Obìnrin yìí ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, síbẹ̀ àtirí ọkọ fún ọmọ tirẹ̀ ni kò jẹ́ kó sùn. Mo mọ̀ ọ́n lára. Aṣọ ẹbí ló ń bọ́ ilé mi. Bí kò bá sí ìgbéyàwó ní Ìkòròdú fún oṣù mẹ́ta, owó ilé ìwé á ṣòro san. Mo máa ń rán ara mi létí èyí kí n tó bá ìyá tó ń kánjú ọkọ wí.

Òfin kékeré kan tún wà tó wúlò. Alison Bechdel, obìnrin Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán ìtàn, fi sínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1985, ó sì sọ pé ọ̀rẹ́ òun Liz Wallace ló ni ín. Ṣé obìnrin tó wà níbẹ̀ tó méjì? Ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ọkùnrin? A fi tiwa kún un: kó má jẹ́ ìjà, kó sì tó ìṣẹ́jú kan tí a bá fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Ẹnu á yà yín sí iye eré tó kún fún obìnrin tí kò yege. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di òṣùwọ̀n gbogbo nǹkan. Mo ti rí eré tó yege tí kò ní láárí, mo sì ti rí èyí tó kùnà tó mú mi sunkún lórí òtítọ́.

Ẹ tún wo owó: ta ló ń ná an, ta ló ń béèrè, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin tó lówó tó sì lágbára jẹ́ àṣà tí tẹlifíṣàn kó wá, ẹ rán an lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí Ẹfúnróyè Tinúubú ti ṣòwò kó tó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ẹ má sì fi pa mọ́ pé ẹrú wà lára ohun tó tà. Tí a bá ní kí wọ́n wo obìnrin tán, kí a jẹ́ kí wọ́n wò ó tán.

Owó tí obìnrin ń san nínú ìtàn kó tó lè sinmi ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹ fi ìlà sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé yín. Ìyàwó tó forí tì í ń fi ọdún rẹ̀ san án. Ẹni tó fẹ́ràn ọkùnrin méjì ń fi ilé ọmọ tàbí ìlera san án. Eniola Salami fi ọmọ san án: ó ti sin ọmọ kó tó padà wá díje fún gómìnà. Ẹ wá wo àwọn ọkùnrin tó jọ ń du agbára pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ sọ fún mi èyí tí wọ́n ní kó fi ọmọ san án. Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ tí eré kan bá kọ̀ láti gba owó yìí. A Tribe Called Judah ti Funke Akindele, tó jáde ní ìparí 2023, di fíìmù Nàìjíríà tó kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá wa. Ìyá kan tó bí ọmọkùnrin márùn-ún fún ọkùnrin márùn-ún ló wà láàárín rẹ̀, òun sì ni ilé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ á ti ya wèrè ní ìparí.

Ìkòròdú la wà, ọjọ́ Orò wà, obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà. Lọ́kan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwa obìnrin ilé wa kó sínú pálọ̀, a fa kọ́tìnì, a fi King of Boys sí i, a dín ohùn rẹ̀ kù. Níta, ìlú dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá ọkọ mi wà lórí àga wọn, wọ́n ń tú ẹ̀gúsí sínú àtẹ, a rò pé wọn ò wò ó. Àfi bí wọ́n ṣe ní, "Òun ló ń bọ́ gbogbo wọn, àwọn ló sì fẹ́ dájọ́ fún un." Wọ́n tún tú ẹ̀gúsí díẹ̀. Wọ́n ní, "Owó ẹja tí mo tà ní Ẹbútè la fi ra ilẹ̀ tí ẹ jókòó sí yìí. Orúkọ bàbá wọn ló wà nínú ìwé." Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti wà nílé yẹn. N kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ máa pàdé ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn sí ohun tí ẹ ń ṣe. Ìyá ọmọ iṣẹ́ mi kan wá láti Ìjẹdẹ̀, ó ní mo fẹ́ sọ ọmọ òun di fẹ́míníìsì, pé ta ló máa fẹ́ ẹ. N kò bá a jiyàn. Mo fún un ní àga àti ìwé, mo ní kó tọpa ẹnì kan péré. Ìyá ọkọ ló mú. Ó kọ ojú ìwé méjì. Ọmọ rẹ̀ gba fírídọ̀mù lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá yẹn ló sì se jọ̀lọ́ọ̀fù ọjọ́ náà.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Tí eré bá ti kan ọkùnrin tó ń lu obìnrin, bí Kola ṣe ń ṣe fún Sarah nínú Blood Sisters, ẹ wo ojú àwọn tó jókòó tì yín ju tẹlifíṣàn lọ. Ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi dúró lórí òwú tó ń yí, òwú ń tú sílẹ̀, kò mọ̀. N kò bi í lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní kó dúró bá mi ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà ẹ má bi í lójú agbo, ẹ má sì sọ fún un pé kó fara dà á. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin lòdì sí ìwà ipá nínú ilé láti 2007, àjọ DSVA (Domestic and Sexual Violence Agency) tó ń bójú tó o sì ti wà lábẹ́ òfin láti 2021. Ẹ mọ orúkọ yìí kí ọjọ́ náà tó dé.

Ọkùnrin lè wà níbẹ̀. Ọkọ mi máa ń wá. Òfin kan náà ló wà fún un: obìnrin kan, ìwé kan, kó sì dákẹ́ títí á fi kàn án.

Tí ẹ bá ti wo eré kan tán, ẹ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tún ìran tó gbẹ̀yìn kọ, kó fún obìnrin rẹ̀ ní ohun kan tí eré kò fún un láti yàn. Ohun kan péré, kó má jẹ́ iṣẹ́ ìyanu. Lóṣù tó kọjá, ó kan èyí tó ti bímọ méjì. Nínú eré tí a wò, ìyàwó di ẹrù rẹ̀, ó kúrò nílé, orin sọ̀. Nínú tirẹ̀, ìyàwó tú ẹrù náà, ó jókòó, ó ní kí ọkọ gbé ìwé ilẹ̀ wá kí wọ́n kọ orúkọ òun kún un. Ọkọ ní, "Ṣé o fẹ́ lọ ni?" Ó ní, "Rárá, mo fẹ́ dúró." Àwọn tó kù ò gbà, wọ́n ní kó lọ. Wọ́n ń bá a jiyàn títí mo fi pa iná, wọ́n ṣì ń bá a lọ níta nígbà tí mo ń fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn.